Ẹni Tí Ó Fẹ́ràn Iṣẹ́, Kí Ó Bọ̀wọ̀ fún Oníṣẹ́

Nígbà tí a bá rí aṣọ dáradára lára ènìyàn, ẹni tí ó wọ̀ ọ́ ni a máa ń yìn. Ó ṣọ̀wọ́n kí a tó béèrè ẹni tí ó hun ún. Nígbà tí a bá sì jẹ iyán tí kò ní kókó, a óò yin ọbẹ̀ tí a fi jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n a kì í sábà rántí apá tí ó gbé ọmọ odó sókè. Báyìí ni ìwà ọmọ aráyé rí. Ohun tí ojú bá rí ni ọkàn ń fẹ́. Ọwọ́ tí ó ṣe é kì í sí nínú ohun tí à ń rò. Èmi pẹ̀lú wà nínú irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀, títí di ìgbà tí páálí mẹ́rin tí a fi tàdáwà yàwòrán sí kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ tí n kò rí kọ́ ní ilé ìwé. Ẹ̀kọ́ náà kò wá láìsí ìtìjú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti jìn sí kòtò rí ni ó yẹ kí ó tọ́ka kòtò náà sí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ bí ó ti rí gan-an, láìfi apá kan bò.

Nígbà tí mo wà ní ọmọdé ní Ìbàdàn, ìwé ìtàn aláwòrán kan wà tí àwa ọmọkùnrin àdúgbò wa kì í fi ṣeré rárá. Powerman ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 1975 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní Nàìjíríà, ìtàn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tí agbára rẹ̀ ju ti ènìyàn lásán lọ ni ó sì ń sọ. Ẹ̀dà kan ṣoṣo a máa kọjá lọ́wọ́ ọmọ mẹ́wàá títí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi já, tí a óò sì tún fi ẹ̀kọ tútù lẹ̀ ẹ́ pọ̀. A mọ àwọn ìtàn rẹ̀ lórí, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wa tí ó béèrè rí pé, “Ta ni ó ya àwọn àwòrán wọ̀nyí?” Lójú tiwa, ńṣe ni ó dà bí ẹni pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni ó pọ̀ wọ́n jáde fúnra rẹ̀. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó gbọ́ pé àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì méjì, Dave Gibbons àti Brian Bolland, ni wọ́n ń yà á ní ìlú Òyìnbó, tí èyí ń ya ẹ̀dà kan, tí èkejì sì ń ya ẹ̀dà tí ó tẹ̀ lé e. Àwọn méjèèjì di ògbóǹtarìgì nínú iṣẹ́ náà lẹ́yìn náà. Àwa tí a kọ́kọ́ jẹ àdídùn iṣẹ́ ọwọ́ wọn kò mọ orúkọ wọn.

Ní ìgbẹ̀yìn, iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ gbé mi dé ìlú Columbus, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Nínú Yunifásítì ìpínlẹ̀ náà, ilé ìkàwé kan wà tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí ó máa tọ́jú àwòrán ẹ̀fẹ̀ inú ìwé ìròyìn àti ti inú ìwé ìtàn aláwòrán lọ. Orúkọ Billy Ireland, ayàwòrán kan tí ó ṣiṣẹ́ fún ìwé ìròyìn ní ìlú náà láyé àtijọ́, ni a fi pè é. Ọdún 1977 ni a dá a sílẹ̀, nígbà tí Milton Caniff, gbajúmọ̀ ayàwòrán tí ó ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní yunifásítì náà, fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ àti àwọn ìwé rẹ̀ ta á lọ́rẹ. Lónìí, àwòrán àfọwọ́yà tí ó wà níbẹ̀ ju 300,000 lọ, ẹnikẹ́ni ni ó sì lè wọ inú gbọ̀ngàn ìṣàfihàn rẹ̀ láìsan kọ́bọ̀.

Kì í ṣe ìfẹ́ ìmọ̀ ni ó gbé mi dé ibẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Òjò dídì ni ó lé mi wọlé. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dúró níwájú ojú-ìwé kan tí a gbé sínú férémù, mo gbàgbé òtútù. Ojú-ìwé àfọwọ́yà ni, èyíinì ni páálí gan-an tí ayàwòrán fi ọwọ́ ara rẹ̀ yàwòrán sí, kí a tó gbé e lọ sí ilé ìtẹ̀wé. Mo ti ka ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú ìtàn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà ni ojú mi kọ́kọ́ rí ibi tí wọ́n ti ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí a ṣe máa ń ṣe é ní ayé ìgbà tí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà kò ì tíì wọ inú iṣẹ́ náà. Ẹnìkan yóò kọ ìtàn. Ayàwòrán yóò mú páálí funfun tí ó dán, yóò fi rúlà pín in sí àpótí-àpótí, yóò sì fi pẹ́ńsùlù ya ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sínú àpótí kọ̀ọ̀kan. Akọ̀wé kan tí ọwọ́ rẹ̀ gún yóò kọ ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ènìyàn inú ìtàn sí àyè róbótó tí a fi sílẹ̀ lókè orí wọn. Lẹ́yìn èyí ni ẹlòmíràn yóò ti gègé tàbí búrọ́ọ̀ṣì bọ tàdáwà dúdú, tí yóò sì máa tọ ipasẹ̀ pẹ́ńsùlù náà láìyẹsẹ̀, nítorí pé tàdáwà ni ẹ̀rọ ń rí dáadáa, kì í ṣe pẹ́ńsùlù. Iṣẹ́ ẹni tí ń fi tàdáwà tọ àwòrán yìí kò kéré rárá. Ìlà tí ó bá nípọn jù yóò mú kí ojú ènìyàn le bí igi. Ìlà tí ó bá tínrín jù yóò sọnù nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́. Páálí náà tóbi ju ìwé tí a ó tà lọ. Títí di nǹkan bí ọdún 1967, ìbú àti gígùn àwòrán àfọwọ́yà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti inú ìwé. Lẹ́yìn ìgbà náà ni a dín in kù sí ìwọ̀n ìǹṣì 10 ní ìbú àti 15 ní gígùn.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù ni àwọn ohun tí kì í hàn nínú ìwé tí a tẹ̀. Mo rí ìlà pẹ́ńsùlù aláwọ̀ búlúù tí ayàwòrán fi wá ọ̀nà rẹ̀, nítorí pé ojú ẹ̀rọ tí a fi ń ya fọ́tò ojú-ìwé náà kò lè rí àwọ̀ yẹn. Mo rí ọ̀dà funfun tí ó fi pa ọwọ́ kan tí kò dára rẹ́, àti ọwọ́ mìíràn tí ó tún yà sórí rẹ̀. Mo rí ọ̀rọ̀ tí olóòtú kọ sí etí páálí pé kí ó tún nǹkan kan ṣe. Mo rí àbàwọ́n gọ́ọ̀mù tí ó ti di pupa rúsúrúsú. Ẹni tí ó bá ka ìwé náà yóò rò pé ọwọ́ ayàwòrán kò mọ àṣìṣe. Ẹni tí ó bá rí páálí rẹ̀ yóò mọ̀ pé ó ṣì í, ó sì tún un ṣe, títí ó fi tọ́. Mo rò ó nínú ara mi pé, ìbá ṣe pé a fi irú ojú-ìwé yìí hàn mí nígbà tí mo wà ní ilé ìwé, n kì bá tí sunkún bí mo ti sunkún nítorí ìwé àròkọ mi tí ó kún fún ìlà pupa olùkọ́.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn iṣẹ́ yìí, mo sì rí i pé ìtàn tí ó ní omijé nínú ni. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí a bá ti tẹ ìwé tán, àwọn ilé iṣẹ́ kò ka páálí náà sí mọ́. Àwọn kan ni a jù sínú pàǹtírí, a gé àwọn mìíràn wẹ́lẹwẹ̀lẹ, a sì fi òmíràn ta àwọn àlejò lọ́rẹ. Ní ọdún 1938 ni Superman kọ́kọ́ jáde nínú ìwé kan tí a ń pè ní Action Comics. Títí di òní, kò sí ẹni tí a mọ̀ pé ó ní ojú-ìwé àfọwọ́yà kan ṣoṣo lọ́wọ́ láti inú ẹ̀dà àkọ́kọ́ náà. Jerry Robinson, ọ̀kan nínú àwọn tí ó ya Batman nígbà tí ó ṣì kéré, kó díẹ̀ pamọ́ kí a má baà jù wọ́n nù, nítorí pé ó rí ẹwà tí àwọn mìíràn kò rí nínú wọn.

Bí a ti ń ṣe sí páálí ni a ń ṣe sí àwọn tí ó yàwòrán sí i. Jerry Siegel tí ó kọ ìtàn Superman àti Joe Shuster tí ó yà á, ìlú Cleveland ní Ohio yìí kan náà ni wọ́n ti dàgbà. 130 dọ́là ni wọ́n gbà ní ọdún 1938, wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé pé gbogbo ẹ̀tọ́ Superman ti di ti ilé iṣẹ́. Ó di ọdún 1975, nígbà tí àwọn méjèèjì ti dàgbà tí nǹkan kò sì rọgbọ fún wọn, kí àwọn ènìyàn tó gbé ohùn sókè nítorí wọn. Jerry Robinson tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan wà lára wọn. Nígbà náà ni a tó ṣètò owó ọdọọdún fún wọn, tí a sì dá orúkọ wọn padà sórí iṣẹ́ wọn. Ní ọdún 2012, ìwé ṣẹ́ẹ̀kì tí a fi san 130 dọ́là náà fún wọn dé ọjà gbàǹjo, a sì tà á ní 160,000 dọ́là. Ẹ rò ó wò: ìwé pẹlẹbẹ tí a fi san owó iṣẹ́ wá níye lórí ju owó iṣẹ́ lọ ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ti Jack Kirby kò sàn púpọ̀ ju èyí lọ. New York ni a bí i sí ní ọdún 1917, ojú-ìwé tí ó sì yà láyé rẹ̀ kọjá kíkà lọ́wọ́. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Marvel bẹ̀rẹ̀ sí í dá páálí padà fún àwọn ayàwòrán, ojú-ìwé 88 péré ni a kọ́kọ́ sọ pé a ó fún un, a sì ní kí ó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan tí a kò fi síwájú àwọn yòókù. Ó kọ̀. Àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ dìde pẹ̀lú rẹ̀, nígbà tí ó sì di ọdún 1987, nǹkan bí 2,000 ojú-ìwé padà sí ọwọ́ rẹ̀. Ọdún méje péré ni ó tún lò láyé lẹ́yìn náà.

Lónìí, ojú ayé ti là. Ní oṣù Kìíní ọdún 2021, àwòrán tí Hergé ará Bẹ́ljíọ̀mù yà ní ọdún 1936 fún ẹ̀yìn ìwé Tintin kan lọ ní nǹkan bí mílíọ̀nù 3.2 owó yúrò ní gbàǹjo ìlú Paris, bẹ́ẹ̀ ni ojú ibi tí a ti ṣẹ́ ẹ po ṣì hàn lára rẹ̀ gbangba. Ní ọdún kejì, ojú-ìwé kan ṣoṣo tí Mike Zeck yà nínú ìtàn Spider-Man ti ọdún 1984 lọ ní mílíọ̀nù 3.36 dọ́là ní ìlú Dallas. Ní ilẹ̀ Faransé, láti ọdún 1920 ni òfin ti fún oníṣẹ́ ọnà ní ìpín díẹ̀ nígbà tí a bá tún iṣẹ́ rẹ̀ tà. Ní Amẹ́ríkà, kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ra páálí lọ́wọ́ oníṣẹ́ ní owó pọ́ọ́kú, tí ó sì tà á ní owó ńlá, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè lábẹ́ òfin. Gbèsè tí ẹ̀rí ọkàn ń béèrè nìkan ni ó kù.

Nísinsìnyí mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn mí. Èmi náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ra ojú-ìwé àfọwọ́yà, àwọn tí agbára mi ká. Mo ti mọ orúkọ àwọn ayàwòrán, mo sì lè wo ìlà tàdáwà kí n sọ ọwọ́ ẹni tí ó fà á. Mo ń yangàn nítorí ìmọ̀ yìí. Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kẹfà, mo kọjá níwájú ilé kan tí a ti kó ẹrù àlòkù sí ìta fún títà, gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn níbẹ̀. Ìyá arúgbó kan jókòó sórí àga lábẹ́ igi. Ọkọ wọn ti kú, wọ́n sì fẹ́ kó lọ sí ilé kékeré kan. Lábẹ́ àwọn àwo, nínú páálí bàtà tí ó fẹjú, mo rí ojú-ìwé àfọwọ́yà mẹ́rin. Ojú kan ni mo wò wọ́n tí mo fi mọ iṣẹ́ náà. Ọkọ wọn wà nínú àwọn tí ń fi tàdáwà tọ àwòrán, irú àwọn tí a kì í sábà kọ orúkọ wọn sínú ìwé láyé ọjọ́un. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ojú-ìwé náà tó ẹgbẹ̀rún dọ́là. Dọ́là márùn-ún ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àyà mi ń lù kìkì, ṣùgbọ́n mo pa ojú mọ́. Mo mú àwo méjì tí n kò nílò pọ̀ mọ́ wọn kí ó má baà hàn pé àwòrán ni mo ń wá. Mo san owó. Bí mo ti ń lọ, ìyá náà pè mí padà. Wọ́n ní, “Ìwọ ọmọkùnrin, ó dà bí ẹni pé o fẹ́ràn àwòrán. Gba èyí mọ́ ọn.” Búrọ́ọ̀ṣì ọkọ wọn ni wọ́n fi lé mi lọ́wọ́, èyí tí irun orí rẹ̀ ti jẹ tán díẹ̀. Àwa Yorùbá mọ ohun tí à ń pe irú èyí: ènì ni. Mo rẹ́ wọn jẹ lọ́jà, wọ́n sì fi ènì sí i fún mi.

Nígbà tí mo délé, mo yí ọ̀kan nínú àwọn páálí náà padà. Ní ẹ̀yìn rẹ̀, ọkùnrin náà ti fi pẹ́ńsùlù ṣe ìṣirò kan. Ó kọ ọ́ báyìí: owó ilé, ojú-ìwé mẹ́jọ, dókítà, ojú-ìwé mẹ́ta, bàtà ọmọ, ojú-ìwé kan. Ojú-ìwé ni ó fi ń ka gbèsè rẹ̀, kì í ṣe dọ́là. Mo jókòó sórí ibùsùn pẹ̀lú páálí náà lọ́wọ́. Ohun tí mo rà ní dọ́là márùn-ún, bàtà ọmọ ni.

Síbẹ̀, ẹ má ṣe rò pé mo ronú pìwà dà lójú kan náà. Odindi ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi ń wá àwíjàre. Mo ní, “Èmi kọ́ ni mo dá iye lé e, àwọn ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. N kò purọ́, n kò jalè.” Mo tilẹ̀ ní ìmọ̀ mi ni mo fi jèrè, ìmọ̀ sì lówó. Ní ọjọ́ kẹwàá, mo mú ọ̀rọ̀ náà tọ bàbá kan lọ, ará Ọ̀yọ́, tí gbogbo àwa ọmọ Yorùbá ìlú náà ń kó ẹjọ́ bá. Mo rò pé wọn yóò bá mi wí, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí. Wọ́n ní, “Iṣẹ́ wo ni ìyá rẹ ń ṣe nígbà tí o wà ní kékeré?”

Mo dáhùn pé, “Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni wọ́n ń ṣe, bàbá.”

Wọ́n mi orí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ó tó. Mo rántí ìyá mi, bí wọ́n ti máa ń tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, tí wọn a fi ìyẹ́ adìyẹ bọ ẹ̀kọ ẹ̀gẹ́, tí wọn a sì máa yà á ní ìlà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó gbé e lọ rẹ sínú aró. Aṣọ kan lè gbà wọ́n ní ọjọ́ púpọ̀. Mo rántí oníṣòwò kan tí ó wá ra mẹ́fà lọ́wọ́ wọn ní ọjọ́ tí owó ilé ìwé mi ká wọn mọ́. Ó mọ iye tí yóò tà wọ́n ní Èkó, ó sì mọ̀ pé ìyá mi kò mọ̀ ọ́n. Kò purọ́, kò jalè. Ó kàn dákẹ́ ni. Mo kórìíra ọkùnrin náà ní gbogbo ìgbà èwe mi, bẹ́ẹ̀ ni mo ti di òun láìmọ̀. Àwọn àgbà wa ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké. Mo rí i nígbà náà pé ìdákẹ́jẹ́ pẹ̀lú wà nínú ọjà tí à ń fi owó ọwọ́ rà.

Mo kó àwọn páálí mẹ́rin náà àti búrọ́ọ̀ṣì, mo padà sí ilé ìyá náà. Mo sọ iye tí wọ́n tó fún wọn. Wọ́n wò mí títí, wọ́n wá béèrè pé, “Ṣé o mọ̀ ní ọjọ́ tí o rà wọ́n?”

N kò lè wo ojú wọn. Mo ní, “Mo mọ̀, mà.”

Wọn kò dúpẹ́, wọn kò sì bínú. Wọ́n gba àwọn páálí náà, wọ́n ka ogún dọ́là lé mi lọ́wọ́, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Búrọ́ọ̀ṣì nìkan ni wọ́n kò gbà. Mo rìn lọ sílé pẹ̀lú rẹ̀, mo sì gbà pé ọ̀rọ̀ náà ti parí.

Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Ojú-ìwé mọ́kànlélọ́gbọ̀n mìíràn wà ní òkè àjà, wọn kò sì mọ ohun tí wọn yóò ṣe sí wọn. Wọ́n ní, “Ẹni tí ó mọ iye wọn, tí ó sì ti sọ òtítọ́ lẹ́ẹ̀kan, ni mo ń wá.” A lo ọjọ́ ìsinmi mẹ́rin lórí wọn. Bí a ti ń yọ wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyá náà ń sọ ìtàn wọn: èyí ni ọkọ àwọn ń ṣe ní òru tí a bí ọmọ wọn obìnrin, ìyẹn ni ó ṣe nígbà tí ojú rẹ̀ ń dùn ún, tí àwọn sì ń di àtùpà mú fún un. Mo ti rò pé mo mọ iṣẹ́ náà, nítorí pé mo lè dá ìlà mọ̀; mo rí i pé n kò mọ ìdajì rẹ̀. Wọ́n fi díẹ̀ ta ilé ìkàwé lọ́rẹ, wọ́n ta púpọ̀ nínú wọn ní iye tí ó tọ́, èmi náà sì ra ẹyọ kan. Iye rẹ̀ gan-an ni mo san, oṣù mọ́kànlá ni mo sì fi san án díẹ̀díẹ̀. Èyí tí ó ní ìṣirò bàtà lẹ́yìn ni mo rà.

Ó wà nínú yàrá mi títí di òní, níbi tí oòrùn kò lè dé, nítorí pé oòrùn a máa pọ́n páálí lójú, a sì máa pa àwọ̀ rẹ̀ dà. Búrọ́ọ̀ṣì náà wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tí ń kó irú ohun bẹ́ẹ̀ jọ a máa béèrè ìdí rẹ̀ tí mo fi san owó ńlá lórí ohun tí mo ti rà rí ní owó kékeré. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbà á, n kò lè fi ìdùnnú wò ó; ìgbà kejì ni ó tó di tèmi.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kò sí ohun tí ó burú nínú kí ènìyàn kó ohun ẹlẹ́wà jọ. Bí kò bá sí àwọn tí ó kó páálí wọ̀nyí pamọ́ nígbà tí àwọn mìíràn ń jù wọ́n nù, kì bá tí sí èyí tí a ó rí lónìí. Ní ọdún 2008, ẹnìkan ní gbogbo ojú-ìwé àfọwọ́yà 24 láti inú ìwé Amazing Fantasy ti ọdún 1962 tí Spider-Man ti kọ́kọ́ jáde, èyí tí Stan Lee kọ tí Steve Ditko sì yà. Ẹ ti gbọ́ iye tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń lọ ní gbàǹjo. Ẹni náà kò tà wọ́n. Ó fi gbogbo rẹ̀ ta Ilé Ìkàwé Ìjọba Àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní Washington lọ́rẹ, kí àwọn ènìyàn lè máa wò ó, kí wọ́n sì máa fi í kọ́gbọ́n, ó sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má dárúkọ òun. 

Kì í ṣe gbogbo wa ni yóò ní irú ìṣúra bẹ́ẹ̀ láti fi tọrẹ. Ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ kan tí a kì í gba iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn lò: ìwé tí ẹ ń kà yìí, àga tí ẹ jókòó lé, aṣọ tí ó wà lọ́rùn yín. Ẹ máa béèrè ẹni tí ó ṣe wọ́n. Ẹ kọ́ láti mọ iṣẹ́ dáradára yàtọ̀ sí èyí tí kò dára, nítorí pé ohun iyì ni ìmọ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi ìmọ̀ yín gba ẹ̀tọ́ ẹni tí kò mọ̀. Nígbà tí ẹ bá sì dé ọjà, tí ẹ rí ohun rere ní owó pọ́ọ́kú lọ́wọ́ ẹni tí ìṣẹ́ ká mọ́, ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Ẹ yí i padà, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bóyá owó bàtà ọmọ ẹnìkan wà níbẹ̀.